Ìrìn-àjò Òkèlè Nínú Ara

Ní Ọ̀jọ́ àti Ìbà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀bà kì í rún un. Gbígbé ni ó ń gbé e mì. Nítorí náà, itọ́, tí ó yẹ kí ó ti máa sọ sítáàṣì inú oúnjẹ di ṣúgà, kì í ráyè tó. (Ẹni tí ó bá rún búrẹ́dì pẹ́ lẹ́nu yóò tọ́ adùn náà wò.) Iṣan ọ̀fun ni ó ń ti òkèlè lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí a dorí rẹ̀ kodò pàápàá lè gbé oúnjẹ mì.

Nínú àpòlúkù, omi kíkan a máa pa ọ̀pọ̀ kòkòrò, a sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹja inú ọbẹ̀ palẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfun kékeré ni ọ̀gá iṣẹ́. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20, inú rẹ̀ sì rí múlọ́múlọ́ bí aṣọ àrán. Níbẹ̀ ni òróòro tí ó ti inú ẹ̀dọ̀ wá ti ń fọ́ epo pupa sí wẹ́wẹ́. Níbẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba oúnjẹ tí ó ti dà. Ìfun ńlá a fa omi tí ó kù, ìyókù a sì di ìgbẹ́.

Àrùn onígbáméjì, tí ó tún jà ní Èkó ní ọdún 2024, a máa yí iṣẹ́ yìí sódì: ìfun a máa tú omi ara dànù dípò kí ó fà á. Síbẹ̀ ilẹ̀kùn kan kì í tì. Ibi tí ṣúgà àti iyọ̀ bá jọ gbà wọlé, omi a tẹ̀ lé wọn. Ìdí nìyí tí ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ìlàjì ṣíbí iyọ̀, tí kò ga ju etí ṣíbí lọ, nínú lítà 1 omi mímọ́, fi lè dá ẹ̀mí aláìsàn dúró títí a ó fi gbé e dé ilé-ìwòsàn.