Ọ̀dọ́ Awakọ̀ Tí Ó Kó Lọ sí Ìpínlẹ̀ Mìíràn

Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Orílẹ̀-èdè kan ni Ọsirélíà, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní òfin ìwakọ̀ tirẹ̀.

Ní Victoria àti New South Wales, ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò kì í gba láísẹ́ńsì kíkún. Lẹ́tà P pupa ni yóò kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ fún ọdún kan, kí ó tó lo P aláwọ̀ ewé. Ọdún 2 ni aláwọ̀ ewé ní New South Wales. Ọdún 3 ni ní Victoria. Ìpínlẹ̀ méjèèjì ni ó ka ẹ̀kán ọtí léèwọ̀ fún wọn.

Ẹni tí ó bá kó wá sí New South Wales gbọdọ̀ pààrọ̀ láísẹ́ńsì rẹ̀ láàárín oṣù 3. Níbẹ̀, oní-P pupa kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 90 ní wákàtí kan, bí pátákó ojú ọ̀nà tilẹ̀ gba 110. Bí ó bá rú òfin eré lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n lè gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù 3, ó kéré tán.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ tó gbá ìdí ọkọ̀ mú ní ìpínlẹ̀ tuntun, kí ó kọ́kọ́ béèrè òfin ibẹ̀.