Ẹ̀rọ Adáṣiṣẹ́ àti Ọgbọ́n Òṣìṣẹ́: Ẹ̀kọ́ láti Ilé-iṣẹ́ Ọkọ̀ ní Fremont

Ìfáárà

Bí olùkọ́ bá ń ṣàlàyé ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ó sábà máa ń sọ ni pé ẹ̀rọ tí kò nílò ènìyàn ni. Àlàyé yìí kù díẹ̀ káàtó, ó sì ti kó àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá pàápàá sí àdánù. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbi tí wọn kò bá ti kọ́kọ́ tún iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ tò, tí òṣìṣẹ́ kò sì ní àṣẹ láti dá a dúró.

Ìpìlẹ̀ èrò náà ní Jàpáánì

Ẹ̀rọ ìhunṣọ tí Sakichi Toyoda gbé jáde ní 1924 máa ń dúró fúnra rẹ̀ bí òwú bá já. Ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn kò nílò àlàyé lórí èyí, nítorí òwú tó já tí wọn kò tètè so ni yóò ba aṣọ jẹ́. Ojú ahunṣọ ló ń ṣe ìṣọ́ náà. Toyoda wá fi ìṣọ́ yìí sínú ẹ̀rọ. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo sì lè mójú tó ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ rẹ̀, Kiichiro, ló dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota sílẹ̀ ní 1937, èrò náà sì bá a dé ibẹ̀.

Orúkọ èrò yìí, jidoka, yẹ fún àfiyèsí onímọ̀ èdè. Ìpè rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Jàpáánì ń lò fún ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́ lásán. Nínú àkọsílẹ̀ nìkan ni ìyàtọ̀ wà: wọ́n fi àmì tó dúró fún ènìyàn kún àmì tó túmọ̀ sí kí nǹkan máa mira. Ojú ló ń rí ìyàtọ̀ náà, etí kò gbọ́ ọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fremont

Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti hàn gbangba jù ni ilé-iṣẹ́ kan ní Fremont, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. General Motors ti ibẹ̀ pa ní 1982. Àìwásíṣẹ́ àti ìjà láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ní 1984, General Motors àti Toyota jùmọ̀ ṣí i padà, wọ́n sì pè é ní NUMMI. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n gbà ni àwọn tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ gan-an, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn kò sì yí padà. Wọ́n rán àwọn kan lọ kọ́ṣẹ́ ní Jàpáánì. Wọ́n ta okùn kan tí òṣìṣẹ́ tó bá rí àléébù lè fà láti pe ìrànlọ́wọ́, kí iṣẹ́ sì dúró bí ó bá yẹ. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ wọn fi dára ju ti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ General Motors yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló fa èyí. Ṣé òṣìṣẹ́ wá ló burú ní 1982?

Ní sáà kan náà, lábẹ́ Roger Smith tó jẹ́ alága láti 1981 sí 1990, General Motors ń ná ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là lórí ẹ̀rọ. Ní ilé-iṣẹ́ tuntun rẹ̀ ní Hamtramck, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985, ìròyìn sọ pé àwọn róbọ́ọ̀tì akunlé-ọ̀dà ń fín ọ̀dà sí ara wọn lára.

NUMMI kógbá sílé ní 2010, Tesla sì ra ilé náà. Tesla ṣèlérí pé òun yóò máa ṣe 5,000 ọkọ̀ Model 3 lọ́sẹ̀ kan kí 2017 tó parí, ṣùgbọ́n kò rí i ṣe. Ní oṣù kẹrin 2018, Elon Musk tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ gbà ní gbangba pé àṣejù ti wọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà, àti pé ẹ̀bi òun ni. Wọ́n tú àwọn ẹ̀rọ agbẹ́rù lọ́lọ́pọ̀ ẹ̀ka kan kúrò, wọ́n sì pa àgọ́ síta, níbi tí ọwọ́ ènìyàn ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ àtòpọ̀ náà. Ìparí oṣù kẹfà ọdún yẹn ni iye náà tó pé.

Èyí tó yẹ kí olùkọ́ dúró lé lórí jù nínú ìtàn Tesla ni ti róbọ́ọ̀tì kan tí wọ́n ní kó máa tẹ́ nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sórí bátìrì ọkọ̀. Kò lè mú nǹkan rírọ̀ náà dáadáa, ó sì ń dá iṣẹ́ dúró lemọ́lemọ́. Wọ́n tún un ṣe títí kí wọ́n tó bi ara wọn léèrè iṣẹ́ tí ìtẹ́lẹ̀ náà ń ṣe. Nígbà tí wọ́n dán ọkọ̀ tó ní in wò pẹ̀lú èyí tí kò ní, wọn kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ni wọ́n bá yọ ìtẹ́lẹ̀ náà, wọ́n sì yọ róbọ́ọ̀tì náà pẹ̀lú.