Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Fi GPS Wọnlẹ̀, Ẹ Máa Fojú sí Oòrùn

Ẹ̀yin awọnlẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń fi dúróònù ṣọ́ oko, àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí wọ́n bá fẹ́ fi GPS wọn ààlà yín lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ̀, ẹ ní kí wọ́n dúró di àárọ̀.

Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ àti ooru nìkan ni oòrùn ń tú jáde. Afẹ́fẹ́ kan ń ti ara rẹ̀ fẹ́ tọ̀sán-tòru, ó kún fún èérún tíntìntín tó ní iná mànàmáná nínú, ó sì ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 400 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára òòfà ayé, èyí tó ń darí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì, ló ń dá a padà lókè lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ náà gbé òòfà tirẹ̀ dání. Bí ìyẹn bá kọjú sí àríwá, wàhálà rẹ̀ kì í pọ̀. Bó bá kọjú sí gúúsù, á so pọ̀ mọ́ ti ayé, ilẹ̀kùn á ṣí, òòfà ayé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí oòrùn bá wá bì òbítíbitì èérún sí wa lẹ́ẹ̀kan náà, ó di ìjì nìyẹn.

Ní 13 oṣù Kẹta ọdún 1989, irú ìjì bẹ́ẹ̀ rán iná sínú àwọn wáyà gígùn Quebec ní Kánádà. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí iná gbogbo ìpínlẹ̀ náà fi lọ, ènìyàn mílíọ̀nù mẹ́fà sì wà nínú òkùnkùn fún nǹkan bíi wákàtí 9. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, òmíràn dé, àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà tí GPS ń darí katakata wọn sì ní láti dá iṣẹ́ gbíngbìn dúró.

Níhìn-ín, wáyà iná kọ́ ni mo ń bẹ̀rù jù, GPS ni. Ìlà agbedeméjì òòfà ayé gba àríwá Nàìjíríà kọjá. Lókè wa, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, afẹ́fẹ́ ayé tó ní iná nínú a máa hó bí omi gbígbóná, àmì sátẹ́láìtì tí GPS ń lò, tó bá gba ibẹ̀, á sì máa já. Ó máa ń le jù ní àyíká oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án, pàápàá lọ́dún tí àpá dúdú bá pọ̀ lójú oòrùn. Ìjì lè dá kún un, ó sì lè pa á rẹ́. Ẹnikẹ́ni má fi ojú lásán díwọ̀n rẹ̀. Àṣìṣe mítà díẹ̀ kò ní kí awakọ̀ má dé ilé, ṣùgbọ́n lórí ààlà ilẹ̀, ẹjọ́ ilé-ẹjọ́ ni.

Ẹ máa wo òǹkà Kp, èyí tó ń sọ bí òòfà ayé ṣe ń gbọ̀n tó, tí ilé-iṣẹ́ NOAA ti Amẹ́ríkà ń gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 0 dé 9 ló ń lọ. Bó bá ti tó 5, ìjì ti dé. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí dúróònù kúrò níbi tí ojú yín tó o. Ẹ̀yin awọnlẹ̀, ẹ tún ààlà náà wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn, ní wákàtí mìíràn, kí ẹ tó ri òpó mọ́lẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ WhatsApp tó ní kí ẹ pa fóònù lóru nítorí ìtànṣán kan tó ń bọ̀ láti òfurufú, irọ́ ni. Ìjì oòrùn kì í gba inú fóònù wọ ara ènìyàn. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́.