Olú Ni Wọ́n Ń Bú, Kòkòrò Sányán Ló Dáràn

Dókítà, nínú oṣù kẹjọ, baálé mi ṣa olú lára kùkùté arère, wọ́n sì kó kòkòrò inú ìtẹ́ tó wà lórí igi kejì wálé. A se olú, a yan kòkòrò, wọ́n fi jẹ láfún. Èmi náà jẹ nínú olú yẹn, ṣùgbọ́n mi ò lè fi kòkòrò sẹ́nu. Lóru, wọ́n bì. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ife omi ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn títí omi fi dà nù, ẹsẹ̀ ò gbé wọn mọ́, ahọ́n wọn wúwo. Àwọn kan ní olú olóró ni, àwọn kan ní ayé ni. Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n tó rìn dáadáa. Kí ló fà á?
Ìyàwó àgbẹ̀, Ayétòrò

Màmá, ẹ kúkú ti dá ara yín lóhùn: ẹ jẹ olú, ẹ ò gbọ̀n. Lóòótọ́, ní Australia àti etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, olú kan ń hù lórí igi jíjẹrà tó ń dojú ẹni rú, tó sì ń mú kí ẹsẹ̀ àwọn mìíràn rọ fún wákàtí díẹ̀. Àìsàn tó kan baálé yín kò jìnnà sílé tó bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1958 ni àwọn dókítà ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ìgbà òjò ló máa ń jà. Dókítà Bola Adamolekun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ tọpa rẹ̀ dé ìdí kòkòrò yẹn, ọ̀kan nínú ìdílé àwọn tó ń hun òwú sányán. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń ba fítámì B1 jẹ́, iná kì í sì í tètè pa á. Ẹni tó bá ń fi láfún lé gààrí lójoojúmọ́, B1 ara rẹ̀ ti lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó kan kòkòrò. Ìrẹsì funfun tó ń gba bodè Ìdí-Ìrókò wọlé ò sì lè gbà wá, wọ́n ti bó ibi tí B1 wà dànù. Ẹ̀wà àti ẹ̀pà ni kí ẹ máa wá fún wọn. Kòkòrò yẹn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún aláṣọ òkè.

Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ọsibítù ni, kì í ṣe ilé àdúrà. B1 ni oògùn rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1994 fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ sọ ohun tí wọ́n jẹ fún dókítà, kó lè fún wọn ní B1 kí dírìpù oníṣúgà tó wọ ara, torí ṣúgà á gbá ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù lọ. Ẹ má rọ àgbo sẹ́nu ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Tí ẹnu bá wọ́, tàbí ẹ̀gbẹ́ kan péré ló rọ, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀.

Gbogbo olú kọ́ ló mọ́wọ́ mọ́sẹ̀ o. Bí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀ ní bíi wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí èèyàn jẹ ẹ́, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè wà nínú ewu, kódà bí inú bá tún rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì mú èyí tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò dání.