Àkísà Wo Ni Àgbà Ní?

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Gbogbo wa la mọ ohun tí òwe yìí ń wí. Ibi tí wọ́n ti lò ó ló bí mi nínú: ìpàdé tí àwọn òbí ti ń yan ìgbìmọ̀ alámòójútó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Agbowó, nÍbàdàn. Ìyá kan dìde, ó ní òun náà fẹ́ du ipò. Èlùbọ́ ló ń tà ní ọjà Bódìjà, ó ti ṣe tíṣà rí, ọmọ rẹ̀ méjì sì wà nílé ìwé náà. Kò du ipò kankan rí láyé rẹ̀. Bàbá kan tó ti pẹ́ nínú ìgbìmọ̀ pa òwe yìí fún un, ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́.

Àkísà wo gan-an ni bàbá náà ní? Ilé ìwé aládàáni làwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń lọ. Ìyá elélùbọ́ ló mọ̀ pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ làwọn ọmọ ń jókòó sí ní kíláàsì kejì, pé ilé ìyàgbẹ́ kò nílẹ̀kùn, àwọn ọmọbìnrin a sì máa mú un mọ́ra títí wọn yóò fi délé. Ṣé ìyẹn kì í ṣe àkísà ni?

Ẹni tí kò dé ipò rí náà lè ṣe é. Tíṣà ni Stephen Awókọ̀yà, òun ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò ṣe mínísítà rí kí wọ́n tó fi í ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Oṣù keje ọdún 1952 ló gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú àwọn aṣòfin, níbí nÍbàdàn. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, iye ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò sókè láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tó lé ní 800,000. Iṣẹ́ tíṣà tó ti ṣe ni àkísà tirẹ̀.

Ìyá náà tún ní kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìṣirò. Wọ́n hó lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nÍlé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Èmi wà lẹ́yìn ìyá yìí gbágbáágbá.

Ṣùgbọ́n òwe náà kò jẹ̀bi tán. Nígbà tí ẹnì kan bi ìyá náà léèrè èdè tí wọn yóò fi kọ́ ọmọ àwọn Hausa tó ń ṣòwò ní Bódìjà, kò rí èsì fọ̀. Kò sì mọ ẹni tí èèyàn ń rí ní SUBEB, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí àga tó jáde. Ìyẹn ni bàbá mọ̀, ohun iyebíye sì ni.

Ẹ̀yin òbí, ẹ yé bi olùdíje bóyá ó ti ṣe é rí. Ẹ bi í níbi tí ọmọ rẹ̀ ti ń kàwé. Ẹ bi í léèrè ìgbà tó wọ kíláàsì gbẹ̀yìn. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bá dáwó, ibo ni yóò lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́ tí gbogbo òbí yóò fi rí i kà? Ẹni tó ti wà lórí àga tẹ́lẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi. Ní ti Agbowó, ẹ jẹ́ kí ìyá náà wọlé. Kí bàbá mú un dé SUBEB, kó fi bí fáìlì ṣe ń rìn hàn án, kó sì kó ìwé owó lé e lọ́wọ́ kí sáà tuntun tó wọlé.