Kòsọ́kọ́: orúkọ ọba, ohùn àgbá

Ọmọ iléèwé kan ń ka ìtàn Èkó sókè ní àgbàlá wa l'Ólódò, n'Ìbàdàn. Ó dé orí orúkọ Ọba Kòsọ́kọ́, ó pè é ní "Kòsọ́kọ". Màmá tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dá ọ̀bẹ dúró: "Ta ni ò lọ́kọ?"

Ẹ jẹ́ ká tú orúkọ náà wò. "Kò sí" pẹ̀lú "ọkọ́" ló bí i. Ọkọ́ tá à ń gbé lọ sóko ni, òun náà la fi ń gbẹ́ sàréè. Orúkọ àbíkú ni: kò sí ọkọ́ tá a ó fi sin ọ́ mọ́, torí náà, dúró tì wá. Yọ àmì òkè tó kẹ́yìn kúrò, ó di ẹni tí kò lọ́kọ. Fi àmì ìsàlẹ̀ síbẹ̀, ó di èrò tí kò rí ọkọ̀ wọ̀.

Ọkọ̀ náà ló sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè. Ó ti gba adé lọ́wọ́ Ọba Akítóyè ní 1845. Akítóyè sá dé Àgbádárìgì, ó ṣèlérí fáwọn Gẹ̀ẹ́sì pé òun yóò fòpin sí òwò ẹrú bí wọ́n bá dá òun padà sórí oyè. Ní oṣù kọkànlá 1851, ọkọ̀ ogun wọn wọ ọ̀sà, àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ lé wọn padà. Lẹ́yìn Kérésì, wọ́n tún dé. Ọkọ̀ Teazer há sórí yanrìn, àgbá ń dáhùn àgbá, iná ń jó ìlú, títí Kòsọ́kọ́ fi sá lọ.

Ogun Àgídìngbì ni ará Èkó pe ìjà náà. Ẹ gbọ́ "gbì" tó parí rẹ̀: ohun tó wúwo ló ń dún bẹ́ẹ̀. Àwa ará Ìbàdàn náà ní Kírìjí, ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí ìró ìbọn sọ lórúkọ. Ẹ sì kíyè sí i: ìbọn lèèyàn kan ń gbé léjìká, àgbá ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ sínú ọkọ̀ ogun. "Àgbà" kọ́ o.

Orúkọ a máa ro ọmọ. Àgbá ò pa Kòsọ́kọ́; ó padà sí Èkó ní 1862, ó sì gbé ibẹ̀ títí ó fi wàjà ní 1872. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sórí orúkọ àwọn ọmọ yín. Àdúrà ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ wà nínú àmì ohùn náà.