Àròkọ Aláríyànjiyàn: Òkè Wo Ni Kí Kíláàsì Wa Gùn?

Akẹ́kọ̀ọ́, kọ́kọ́ gba òótọ́ ọ̀rọ̀ alátakò rẹ ná, kí o tó sọ tìrẹ. Wo àpẹẹrẹ yìí:

Àwọn ẹgbẹ́ mi ní Òkè Ìdànrè ni kí a lọ. Wọn kò jayò pa. Ìlú àtijọ́ wà lórí rẹ̀, ààfin ọba sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, ọ̀kan nínú wa sì ń fi ọ̀pá rìn. Ṣé kí ó jókòó nísàlẹ̀ kí ó máa ṣọ́ ẹrù wa ni?

Omi Olúmirin ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà sàn díẹ̀. Ìpele méje ni. Ẹni tí ó bá rẹ̀ lè dúró ní ti àkọ́kọ́, kí omi máa ta sí i lára. Àmọ́ òkúta ibẹ̀ a máa yọ̀ nígbà òjò, oṣù Keje ni a sì fẹ́ lọ.

Ní tèmi, Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta ni. Ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun kò jìnnà sókè. Wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè síbẹ̀ ní 2006. Kí olùkọ́ wa sáà kọ́kọ́ ránṣẹ́ bèèrè bóyá yóò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.